Ilẹ̀ Tí Vishwajit Fi Òùngbẹ Pa

Ohun tó ń ṣe Vishwajit Ghorpade kì í ṣe àìmọ̀ọ́gbá. Ó mọ kíríkẹ́ẹ̀tì í gbá ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ́nnu ní Kolhapur wa níbí lọ. Àbùkù tirẹ̀ ni pé kò lè bá èèyàn sáré láìkọ́kọ́ gbẹ́ kòtò sọ́nà onítọ̀hún. Bí wọ́n bá ní kó bá arọ díje, yóò kọ́kọ́ jí ọ̀pá arọ náà gbé.

Nígbà tí òjò lọ tán tí sáà ìdíje àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe balógun ẹgbẹ́ wa. Ìdíje yìí kì í ṣe eré ọ̀sán kan. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì di igi mú lẹ́ẹ̀mejì láti gbá bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ kejì ń jù. Ilẹ̀ tóóró àárín pápá ni ọba níbẹ̀. Bí wọ́n bá bomi rin ín tí wọ́n fi irin wúwo tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù á máa ta dáadáa. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, á sán, á di eruku, bọ́ọ̀lù á sì máa ta bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá di igi mú kẹ́yìn ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Dhondiba Kumbhar ló ń tọ́jú ilẹ̀ yẹn láti ọgbọ̀n ọdún. Ìran amọ̀kòkò ni. Ó mọ amọ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ibà lára ọmọ. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ó la àgbọn sára irin ìtẹlẹ̀, ó fi àtalẹ̀ pupa sàmì sí i, ó fi wúre fún ilẹ̀ bí baba rẹ̀ ti máa ń ṣe. Omi àgbọn náà kò tíì gbẹ tí Vishwajit fi dé.

"Bàbá, ẹ má bomi rin ín fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọmọ mi, ilẹ̀ tí ò mumi á bínú."

"Kó bínú sí àlejò nígbà náà!"

"Ṣé ilẹ̀ mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé ni? Owó onírin lẹ máa jù sókè kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ di igi mú. Tó bá ṣubú sọ́wọ́ tiwọn ńkọ́?"

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀, Bàbá. Owó onírin mọ baba tó bí mi."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó ṣubú sọ́wọ́ rẹ̀ nínú eré àkọ́kọ́ tí a gbá nílé, àti ìkejì, àti ìkẹta. Eré ọjọ́ mẹ́rin ń parí lọ́jọ́ kejì. Àwa náà ń pàtẹ́wọ́, à ń jẹ vada pav, búrẹ́dì tí wọ́n ki ọ̀dùnkún díndín sí nínú, à ń pè é ní ọlọ́gbọ́n. Olè tó ń gbé ẹran wálé kì í ní ọ̀tá nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ó ku eré ìkẹyìn, àwọn ará aginjù Bikaner ló ń bọ̀. Bí a bá borí, a wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó máa ṣẹ́ kù nínú ìdíje, Vishwajit sì lè gbá fún orílẹ̀-èdè, nítorí àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá wò ó. Bí a bá fìdí rẹmi, ìpele ìsàlẹ̀ la ń lọ. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì onírin tọ Dhondiba lọ, ó ní kó fi ha ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń balẹ̀.

"Vishwajit, mi ò lè la àgbọn sórí ilẹ̀ tí mo fòùngbẹ pa."

"Ẹ gbé àgbọn yín lọ sílé kí ìyàwó yín fi se ọbẹ̀. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ ha á, mo mọ èèyàn mẹ́wàá tó ń wá iṣẹ́ yín."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó gba búrọ́ọ̀ṣì, ó ha á. Mi ò ní yìn ín. Ẹ̀rù àtipàdánù iṣẹ́ ló bà á. Lẹ́yìn náà Vishwajit fi irin ìdí bàtà rẹ̀ ha ojú kan sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ibojì wọn rèé."

Eruku díẹ̀ dìde, ó bà lé bàtà rẹ̀.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, owó onírin fò sókè, ó sì ṣubú sọ́wọ́ Bhanwar, balógun àwọn àlejò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà kú iṣẹ́ o," ni Bhanwar wí. "Ẹ bá wa kó eruku ilé wa wá síbí, kí àárò ilé má baà sọ wá. Àwa la máa kọ́kọ́ di igi mú."

Wọ́n gbá a nígbà tí ilẹ̀ ṣì dì. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nínú ọyẹ́, ó sì kan àwa láti di igi mú kẹ́yìn. Àwọn ọmọ wa ń jáde, wọ́n ń padà, bí ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́.

Ó kan Vishwajit. Bọ́ọ̀lù kẹrin balẹ̀ gan-an níbi tó fi bàtà ha. Ó yẹ kó dìde dé ìbàdí. Ojú ló bá lọ tààrà. Vishwajit gbé ọwọ́ bojú. A gbọ́ ìró ìka rẹ̀ dé ìdí igi dóńgóyárò tí a jókòó sí, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Ó kúnlẹ̀, ó ń ké sí onídàájọ́. "Ilẹ̀ yìí léwu! Ẹ dá eré yìí dúró!"

Onídàájọ́ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú ibẹ̀. "Ta ló ha á?"

"Onílé ló mọ ilé rẹ̀," ni Bhanwar dáhùn, ó ń bó ẹ̀pà.

Vishwajit wo Dhondiba. Bàbá fa búrọ́ọ̀ṣì náà yọ lábẹ́ tapólì, ó gbé e síwájú onídàájọ́. "Ọwọ́ tèmi ni. Ẹnu tirẹ̀ ni."

Wọ́n gbé eré náà fún àlejò. Wọ́n gba gbogbo àmì tí a kó jọ nílé lọ́wọ́ wa, a sì já sí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Dhondiba. Wọ́n ní kí Vishwajit má fẹsẹ̀ kan pápá fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìyẹn ò nílò òfin: ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́ títí dòní. Ọwọ́ òsì ló fi ń mu tíì lábẹ́ igi dóńgóyárò, tó ń ṣàlàyé fún ẹni tí kò bi í pé owó onírin ló da òun.

Ẹni tó bá fẹ́ kó nǹkan délé nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó mú èyí: kòtò kì í bi èèyàn ní orúkọ kó tó gbé e mì. Ẹni tó ní ẹ̀bùn, kó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀bùn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì ibi lé lọ́wọ́, kó jù ú nù lọ́jọ́ kìíní, nítorí ìjẹ́wọ́ ọjọ́ kẹta kì í dá iṣẹ́ padà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún olè nítorí ẹran, ẹ múra láti bá a jẹ egungun. Kí o tó fi òùngbẹ pa ilẹ̀, rántí pé orí rẹ̀ náà ni wàá dúró lé lọ́la.