Ìwé Pélébé Inú Apá Aṣọ

Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rìnlélọ́gọ́rin máa ń wọ ilé àdúrà ilé ẹ̀kọ́ wọn létí odò Dunajec, kálukú pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́ àti òjò dídì ní bàtà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́, ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì. Apẹ̀rẹ̀ kan wà níwájú pẹpẹ. Kálukú á ju ìwé pélébé kan sínú rẹ̀: ohun rere tó ṣe lánàá lókè, orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn Míísà, Fáàdá Seweryn á ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, á fa ẹyọ kan yọ, á sì pe orúkọ tó wà lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè ni yóò gbé ère Màríà kékeré tí wọ́n fi igi gbẹ́ lọ sílé, títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Fáàdá kì í ka ìwé tó bá ṣẹ́ kù. Inú ààrò onírin tó wà ní yàrá ìmúra rẹ̀ ló ń dà wọ́n sí.

Kò gba gbẹ̀rẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Tymon Kurek ju ìwé mẹ́ta sínú apẹ̀rẹ̀.

"Ohun rere mẹ́ta ni mo ṣe, Fáàdá."

"Ìwé kan, orúkọ kan, orúkọ tìẹ. Ẹni tó bá rẹ́ apẹ̀rẹ̀ yìí jẹ, Ìyá Olúwa ló rẹ́ jẹ."

Ó sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, kò sì jẹ́ kí Tymon ju ìwé sínú apẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Gracjan Wilczek dúró lẹ́yìn Míísà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, wọn ò sì tíì pè é rí.

"Fáàdá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo èèyàn ni wọ́n máa pè tó bá yá?"

"Rárá. Kí ló dé?"

"Ìyá àgbà mi ni. Dókítà ní wọn ò ní rí Kérésì."

Fáàdá ní òun fúnra òun yóò gbé ère náà wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ náà mi orí.

"Wọ́n ní rárá. Láti ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń kọ orúkọ wọn sínú apẹ̀rẹ̀ lábúlé, wọn ò pè wọ́n rí. Wọ́n ní àwọn ò ní tọrọ Màríà bí ẹni ń tọrọ iyọ̀. Tó bá wù ú kó wá, á wá."

Tymon ń pa àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Kò yíjú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ mìíràn ni wọ́n pè. Ní Ọjọ́rú, ọmọ mìíràn. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti pe ẹlòmíràn, Fáàdá wá inú apẹ̀rẹ̀ náà kó tó dáná sun àwọn ìwé tó kù, ohun tí kò ṣe rí. Ó rí ìwé Gracjan: *Mo la igi ìdáná fún aládùúgbò wa.* Ó fi sáàárín ìwé àdúrà rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ fi sàmì ojú ewé ni.

Ọjọ́ Ẹtì ni àárọ̀ tó kẹ́yìn. Gracjan pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Fáàdá, mi ò kọ nǹkan kan lónìí o."

"Kí ló fà á?"

"Mi ò ṣe ohun rere kankan lánàá. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni mo jókòó sí, oorun sì gbé mi lọ. Tí mo bá kọ nǹkan, irọ́ ni."

Fáàdá ní kó wọlé.

Àwọn ọmọ tò kọjá níwájú apẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti ẹnì kejì. Tymon dúró díẹ̀.

"Fáàdá, ẹ ò ní ka àwọn tó kù, àbí?"

"Ṣé mo kà wọ́n rí?"

"Mo kàn ní kí n bi yín ni."

Nígbà Míísà, Fáàdá rọra ń gbé ọwọ́ sókè kí ohun tó wà nínú apá aṣọ rẹ̀ má baà já bọ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi jẹ́ àlùfáà. Ó ti pinnu pé lọ́la òun yóò lọ jẹ́wọ́ ní ìlú mìíràn, níbi tí wọn ò ti mọ ohùn òun. Nígbà tí àsìkò tó, ó ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, ó po àwọn ìwé inú rẹ̀ pọ̀ dáadáa, ó sì fa ìwé Ọjọ́bọ̀ tó wà nínú apá aṣọ rẹ̀ yọ.

"Gracjan Wilczek."

Lójoojúmọ́, wọ́n máa ń kùn bí wọn ò bá pè wọ́n. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó kùn.

Gracjan jáde síwájú. Etí rẹ̀ ti pọ́n.

"Fáàdá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò kọ—"

"Gbé e."

"Ṣùgbọ́n, Fáàdá—"

"Ṣé kí n wá bá ẹ gbé e ni, olórí kunkun?" Tymon kígbe láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Gracjan fi ìborùn rẹ̀ wé ère náà, ó gbé e mọ́ àyà. Kó tó jáde, ó wo Fáàdá bí èèyàn ṣe ń wo àgbàlagbà tó ti ń kí tipẹ́tipẹ́, tó wá ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

Ojú yẹn ni Fáàdá bá wọ yàrá ìmúra. Ó ṣí ààrò, ó gbé apẹ̀rẹ̀. Ìwé kan já bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un. *Ohun rere: Lónìí, mi ò kọ orúkọ ara mi.* Ọwọ́ ìkọ̀wé wọ́gọwọ̀gọ ti Tymon ni.

Ó kó o pọ̀ mọ́ ìyókù sórí tábìlì dípò iná, ó sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́rin ní ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, orúkọ Gracjan Wilczek ló sì wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn.