Ọ̀gá Tí Kì í Pe Orúkọ Ẹni

Nígbà tí Pùròfẹ́sọ̀ Àbdùlsàlámì wá sí Minna lọ́dún 1964, kóòtù ọrùn rẹ̀ nípọn bí ẹni pé òtútù Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń lé e bọ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá kún gbọ̀ngàn ilé-ìwé fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ọjà tí pùròfẹ́sọ̀ òwò ń tà. Sàlíhátù aláṣọ jókòó sẹ́yìn òpó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ bá ọkùnrin náà sọ kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́, torí Amẹ́ríkà ló ń lọ, ó sì ti ní òun ò padà wá sí Minna mọ́.

Oyèbọ́lá, oníṣòwò abọ́ tí ìsọ̀ òun àti Sàlíhátù jọ kángun síra, fi ìgbúnwọ́ gún un. "Ìyá Nàímátù, ẹ bọ́ síwájú! Ṣebí ọmọ iṣẹ́ yín ni?"

"Ibí tó mi."

Pùròfẹ́sọ̀ wúkọ́. "Ìyá mi ti darúgbó kí wọ́n tó bí mi. Àwọn ló wá owó tó gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ aṣọ kan lọ́jà yín níbí ni mo ti kọ́ ọgbọ́n. Wọ́n mú mi wá láti Ìlọrin, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ opó ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá yẹn ò pe orúkọ mi rí. 'Ìwọ yìí' ni mò ń jẹ́. Mo tà tán, wọn ò yìn mí. Nàímátù ọmọ wọn ń jẹ ẹran, èmi ń lá ọwọ́. Lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ pa mí, wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jáde. Ìgbà yẹn ló yé mi pé òwò ò mọ ẹbí. Bí èmi náà ṣe ń kọ́ni nìyẹn: mi ò pe akẹ́kọ̀ọ́ lórúkọ, mi ò yin ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sunkún á gbọ́n."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyà tó bá ti wọ kóòtù, àwọn èèyàn wa á pàtẹ́wọ́ fún un.

"Kai! Ó bú yín ní gbangba," Oyèbọ́lá ní. "Lọ́jọ́ ibà yẹn, ṣé kì í ṣe èmi ni mo bá yín lẹ́yìn ìsọ̀, tí ẹ ń forí gbá ògiri? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Ojú ń tì mí."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà títí Háúsá fi ń sunkún! Àbí olè tó jí ẹ̀gbà wúrà yín lọ́dún tí ọkùnrin yìí lọ Lọ́ńdọ̀nù ló kó ọ̀yàyà yín lọ?"

"Olè náà ni," Sàlíhátù ní; kò sọ pé òun fúnra òun ló ta ẹ̀gbà náà, tó fowó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ òun ní Ìlọrin.

Ní ìdíkọ̀, Pùròfẹ́sọ̀ rí i, ó dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀, irú èyí tí kì í dọ̀tí kóòtù. "Ẹ kú ìdúró o, ọ̀gá mi. Ẹ̀kọ́ yín ò ṣòfò."

Sàlíhátù tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Ó la ẹnu. Fèrè ọkọ̀ dún.

"Ìwọ yìí," ó ní, "de bọ́tìnnì rẹ."

Pùròfẹ́sọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn tó sìn ín wá. "Ẹ ò rí i? Títí dòní!"

Sàlíhátù dúró títí èéfín ọkọ̀ fi pòórá, ó wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó sì rọra pe orúkọ tí ìtìjú ilé ọkọ rẹ̀, ilé Fúlàní tí ìyá kì í ti í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, kò jẹ́ kó pe láti ọjọ́ ìkómọ, tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti gba ọmọ náà tọ́ bí ọmọ tiwọn: "Àbdùlsàlámì."