Orúkọ Tí Pásítọ̀ Fò Nínú Àdúrà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á títí dé òpin, nítorí gbogbo wa tí à ń fi ẹnu gbàdúrà ló ń bá wí.

1.

Kúlúsúmù kò tiẹ̀ kanlẹ̀kùn. Ó ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Pásítọ̀ Oyèdélé ní Bẹẹrẹ kí ìyàwó ilé tó gbójú sókè nídìí ọlọ. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ ti já.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ yọ ọkọ mi kúrò nínú àdúrà?"

Pásítọ̀ pa Bíbélì dé. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kúlúsúmù ló fẹ́ ìmàle. Ìjòyè Sàláúdéènì ti Ìdí Arẹrẹ ni ọkọ rẹ̀.

Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ajẹ́lẹ̀ wá sí Ìbàdàn nígbà náà. Oyè ńlá kan ṣófo, ìjòyè méjì sì ń lé e: Sàláúdéènì yìí, àti Adégòkè ará Bẹ́yẹrúnká. Ìlú pín sí ẹgbẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, Pásítọ̀ a máa dárúkọ àwọn ìjòyè lọ́kọ̀ọ̀kan bí oyè wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn, ìmàle àti onígbàgbọ́, a sì máa tọrọ ẹ̀mí gígùn fún wọn. Àwọn tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá a máa dúró lẹ́yìn ògiri láti gbọ́ orúkọ olórí ilé wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó fo ti Sàláúdéènì.

"Kúlúsúmù, ọ̀rọ̀ oyè ni. Mi ò bá ọkọ rẹ ṣọ̀tá."

"Ẹni tí wọ́n bá fò nígbà tí wọ́n ń ka alààyè, ṣé ẹ mọ àwọn tí ìlú ń kà á mọ́?"

Pásítọ̀ ṣí Bíbélì náà, ó tún pa á dé.

"Ẹ dárúkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mo kúnlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n." Ó sì kúnlẹ̀ lóòótọ́, tòun ti bàtà lọ́wọ́.

Pásítọ̀ ṣèlérí.

2.

Kí ló dé tó fi fò ó? Páànù ni. Koríko ni wọ́n fi bo ṣọ́ọ̀ṣì, òjò sì ń jò sórí pẹpẹ. Adégòkè ti ní bí òun bá jẹ oyè, òun á fi páànù bò ó. Pásítọ̀ rò pé Ọlọ́run ló rán an. Ó gbàgbé ohun tí òyìnbó Jámánì tó fi í jẹ pásítọ̀ ìjọ Lúùtà kọ́ ọ: pé ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run ní, ọ̀kan di ọ̀rọ̀ mú, èkejì di idà ìjọba mú, àlùfáà kò sì gbọdọ̀ yá onídà ní ọ̀rọ̀ náà.

Bertha ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Olúdayọ̀, ṣé òjò tó ń jò yẹn ló gbé orúkọ èèyàn lọ?"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

3.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Adégòkè wá fúnra rẹ̀. Ó jókòó síwájú pátápátá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú. Pásítọ̀ ń dárúkọ bọ̀. Nígbà tó kan Sàláúdéènì, Adégòkè wúkọ́. Ikọ́ kékeré ni. Pásítọ̀ gbójú wo òrùlé, ó sì pe orúkọ tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ògiri, ẹnì kan pòṣé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kí oṣù tó lé, ibà dá Sàláúdéènì dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́.

4.

Láti Ọjà'ba dé Mọ́lété, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Pásítọ̀ ti gbàdúrà pa á!"

Pásítọ̀ sáré lọ bá Adégòkè pé kó bá òun sẹ́ ẹ.

"Kí la ó sẹ́ sí?" Adégòkè ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù. Ọlọ́run wa ti sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀mí èèyàn mà ni, Olóyè!"

"Oyè náà ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n bí Pásítọ̀ ṣe ń dìde, ó rí i pé Adégòkè kò fẹnu kan obì tí òun fọwọ́ pa. Nígbà tó sì jẹ oyè tán, ó ránṣẹ́ pé kí Pásítọ̀ má wulẹ̀ yọjú sílé òun: ẹni tó fo Sàláúdéènì lónìí lè fo òun lọ́la. Páànù ò wá.

Ẹ má rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo o. Ó kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló burú. Àwọn kan ń wá kí wọ́n má baà fò wọ́n. Àwọn mìíràn ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìyá Mojọlá, àgbà ìjọ, gbé adìyẹ wá lábẹ́ ìborùn.

"Pásítọ̀, ìyàwó kejì ọkọ mi ni. Mi ò ní kí ẹ pa á o. Ẹ ṣáà fò ó."

Pásítọ̀ ti adìyẹ náà padà.

"Ó kéré ni? Màá mú àgbò wá."

Láti ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ nínú àdúrà.

5.

Ó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìdí Arẹrẹ. Nínú àgbàlá, ọmọ kékeré kan sáré wá kí i.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí lorúkọ rẹ?"

Ìyá ọmọ náà fò dé, ó fọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu. "Kò lórúkọ, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, kò lórúkọ."

Kúlúsúmù jókòó sórí ẹní, nínú aṣọ opó. Pásítọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

"Mi ò pa á, Kúlúsúmù. Ọlọ́run kì í gbàgbé ẹni tí mo bá fò."

"Èmi ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ dárúkọ tèmi láàárọ̀ yìí?"

Pásítọ̀ la ẹnu. Kò lè purọ́, kò sì lè sọ òótọ́.

Kúlúsúmù dìde, ó ká ẹní rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Ẹ̀yin tí ìlú ń ṣe àmín sí àdúrà yín, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ ṣọ́ra! Ẹ lè fẹ́ kí ẹnì kan jẹ oyè, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àdúrà ṣe ohun ìjà fún un. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ orúkọ ẹnì kan, kò tún sí ẹni tí yóò gbàgbọ́ pé ire lẹ fi ń pe tòun. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.