Ilé Atẹ́gùn ní Ibeshe

"Wá dí àwọn fèrèsé yìí lónìí!" Bàbá Ògúnsànyà pariwo mọ́ ayàwòrán-ilé tó ya àwòrán ilé tuntun rẹ̀, bí ìyẹn ṣe ń wọlé.

"Bàbá, kí ló dé? Ṣé ooru ń mú yín ni?"

"Ooru kẹ̀? Òrùlé tó o fà gùn kò jẹ́ kí oòrùn wọlé, atẹ́gùn ọ̀sà sì ń fẹ́ wọlé láti iwájú, ó ń gba ẹ̀yìn jáde. Láti ọjọ́ Àìkú tí àlejò mẹ́rìndínlógún ti wá bá mi ṣílé, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ mọ́!"

Lóòótọ́, gbogbo wọn nà gbalaja sí pálọ̀, wọ́n ń hanrun.

Ayàwòrán náà jókòó sábẹ́ fèrèsé kan kó lè ronú ohun tó máa ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló lajú. Ìyàwó rẹ̀, tó wá a wá láti Ẹ̀pẹ́, ti ń tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ.