Ọmọ Tó Di Mẹ́rin Nínú Kọ̀ǹpútà

Mùbárákù ń làágùn nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Wuse.

Màmá Lydia ti kúrò ní Galadimawa, ó ń bọ̀ wá gba kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó bàjẹ́.

Mùbárákù ti tún un ṣe. Ó ń kó àwọn fọ́tò tó ti kó pamọ́ sínú bákọ́ọ̀pù padà síbẹ̀, àmọ́ ó gbàgbé láti kọ́kọ́ dá kíláòdù tó ń tọ́jú fọ́tò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì dúró. Ni kíláòdù náà bá ń da tiẹ̀ lé e.

Gbogbo fọ́tò di méjì-méjì.

Ti ọmọbìnrin kékeré kan tiẹ̀ wá burú jù: mẹ́rin-mẹ́rin! Ọmọ kan náà, aṣọ kan náà, àga kan náà.

"Kai! Kíláòdù yìí ti ya wèrè."

Orúkọ fáìlì ò bára mu, àmọ́ ta ló ráyè orúkọ? Ó fi èyí tó ṣáájú sílẹ̀, ó pa ìyókù rẹ́. Kéèkì ọjọ́ ìbí, ó pa á rẹ́. Yunifọ́ọ̀mù, ó pa á rẹ́. Ó tún ń súfèé.

Màmá Lydia yọjú. "Mùbárákù, kú iṣẹ́ o. Ṣé ó ti parí?"

"Ó ti parí, mà! Mo gbá a mọ́ tónítóní."

Ọmọ inú fọ́tò náà sáré wọlé. Ó rí ara ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó bú sẹ́rìn-ín. Inú Mùbárákù dùn.

Ni ọmọ inú fọ́tò náà bá tún wọlé.

Ó wo kọ̀ǹpútà títí, ó wá kọjú sí Mùbárákù.

"Ọ́ńkù, Táíwò nìkan ni mò ń rí. Èmi dà?"