Òkété Ìyá Àgbà

“Máa kà á lọ, oorun ò kùn mí,” ni ìyá àgbà wí lórí ẹní.

Ahọ́n ọmọbìnrin náà ti gbẹ débi pé èèyàn lè lọ ata lórí rẹ̀. Ìwé ìtàn ọmọ kan àti ìyá àgbà rẹ̀ ló ń kà. Àdéhùn wọn ni pé, bí ìyá àgbà bá sùn kí ìwé tó parí, ọmọ ló ni òkété yíyan tó wà nílé ìdáná. Bó bá rẹ ọmọ, ìyá àgbà ló ni í.

“Ẹ jẹ́ n lọ mumi, ìyá àgbà.”

“Tètè dé o.”

Bó ti jáde ni ìbejì rẹ̀, tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọlé, tó ń bá ìwé kíkà lọ. Wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn báyìí títí oòrùn fi fẹ́ yọ́ páànù orí ilé. Ìyá àgbà ò tilẹ̀ yán.

“Ọmọ inú ìwé yìí mà gbọ́ràn o! A ò lè rírú ẹ̀ n'Ígbó-Ọrà.”

Àbí irin ni wọ́n fi rọ ìyá yìí ni? Nígbà tó tún kan ọmọbìnrin náà láti sinmi, òórùn ẹran fà á dé ilé ìdáná. Ìyá àgbà ló bá lórí àpótí, tí ọ̀rá òkété ń ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀.

“Ìyá àgbà! Ta ló wá wà lórí ẹní?”

“Ìbejì mi ni. Ọ̀kadà gbé e dé láti Ìdèrè láàárọ̀.” Ó na ìrù òkété sí i. “Gbà, kí ìwọ àti ìbejì tìrẹ pín in. Ẹ má sọ fún tèmi o.”