Ọbẹ̀ Gbígbóná ní Nagasaki

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kì í lè jókòó jẹun tán kí ẹ tó dìde, ìtàn yín ni mo fẹ́ sọ yìí. Nagasaki, ìlú kan létí òkun ní ilẹ̀ Japan, ló ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọlátúbọ̀sún ni orúkọ rẹ̀. Kì í jalè, kì í purọ́, ó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀ dáadáa. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá dé ibì kan, ọkàn rẹ̀ á ti wà níbòmíràn.

Nígbà tí baba rẹ̀ wà ní ọ̀dọ́, ó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun. Àìsàn dá a dúró sí Nagasaki, ọkọ̀ sì fi í sílẹ̀ lọ. Obìnrin kan tó ń ta ọbẹ̀ nítòsí èbúté ló gbà á sílé, tó ń fún un ní ọbẹ̀ gbígbóná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí ara rẹ̀ fi yá. Kí baba yìí tó kú, ó fi fọ́tò kan lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́: òun, obìnrin náà àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré níwájú ilé ọbẹ̀ wọn. Ó ní bí ará ilé òun kankan bá débẹ̀, kó bá òun dúpẹ́.

Torí ìdúpẹ́ yìí ni Túbọ̀sún ṣe mú ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàálù wọn máa gbéra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe débẹ̀ báyìí, ó yọ ìwé kan jáde. Ibi mẹ́tàlá tí àwọn àlejò máa ń lọ wò ló kọ síbẹ̀, ilé ọlọ́bẹ̀ ló sì kọ gbẹ̀yìn.

Ìlú olókè ni Nagasaki, àtẹ̀gùn òkúta kún ibẹ̀. Túbọ̀sún á ya fọ́tò, á fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kí ìyá tó mí kanlẹ̀, á ní ó yá. Ní ibi kẹfà, orúnkún màmá kọ̀. Ó jókòó sórí àga kan létí èbúté, ó ní ibi tí òun torí rẹ̀ wá gan-an ni òun ò tíì rí.

"Màámi, ẹ jókòó síbí, ẹ má kúrò," ni ọmọ wí. "Wákàtí kan péré, mo ti dé."

Ó tún gba fóònù ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, torí fọ́tò ti kún inú tiẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ ló lò. Nígbà tó dé, kò bá ẹnì kankan lórí àga.

Lẹ́yìn àga yẹn, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, àgọ́ ọlọ́pàá kékeré kan wà níbẹ̀, ọlọ́pàá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò bí ẹni tó ń retí ènìyàn. Túbọ̀sún rí i. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Ẹni tó dàgbà síbi tí a ti ń rí ọlọ́pàá tí a ń yà gba ọ̀nà mìíràn, ṣé ó máa sáré tọ ọlọ́pàá lọ? Ó rò ó pé wọ́n á ní kóun mú ìwé ìrìnnà wá, wọ́n á ní kóun jókòó, òun ò sì ráyè ìjókòó. Ó yẹra fún un. Ó sáré kiri ìgboro fún wákàtí kan gbáko, ó ń pe ìyá rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó padà sídìí àga. Ọlọ́pàá yẹn ló wá bá a. Ó tẹrí ba, ó sì mú un gba ẹ̀yìn àgọ́ lọ sí ilé ọbẹ̀ kan. Màmá wà níbẹ̀, ó ti jẹun yó. Fọ́tò baba Túbọ̀sún sì wà lára ògiri, ẹ̀dà èyí tí màmá mú wá.

Lẹ́yìn tí ọmọ lọ ni màmá fi fọ́tò han ọlọ́pàá, ìyẹn sì mú un débẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré inú fọ́tò ló ń ta ọbẹ̀ báyìí, orí rẹ̀ ti ń funfun. Kíá ló pe ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n sì fi àga onítáyà gbé ìyá rẹ̀ wá, obìnrin tó gba baba Túbọ̀sún sílé nígbà náà, ẹni tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyá tẹrí ba, màmá kúnlẹ̀. Ìyá tún tẹrí ba sí i, màmá ní àgbà kan ò gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún òun, ló bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá wá fi èdè Ìjẹ̀bú dúpẹ́ dúpẹ́. Ìyá yẹn kò gbọ́ ọ̀kan, ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún.

"Ìgbà wo ni ìyá náà wá lọ?" ni Túbọ̀sún béèrè lọ́wọ́ màmá.

"Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá wọn padà. Ìyá náà fọwọ́ béèrè bóyá ọkọ mi bímọ. Mo nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, mo ní ò ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń wò títí wọ́n fi gbé wọn lọ."

Ilé ìtọ́jú kì í gba àlejò lẹ́yìn aago márùn-ún, bàálù wọn yóò sì gbéra láàárọ̀. Wọ́n gbé ọbẹ̀ síwájú Túbọ̀sún, ẹnu ọ̀nà yẹn lòun náà ń wò. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n délé tí lẹ́tà fi dé pé ìyá náà ti kú. Fọ́tò ọgọ́sàn-án ni Túbọ̀sún yà lọ́jọ́ yẹn. Ó fi gbogbo rẹ̀ hàn mí, ojú ìyá náà kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó bá gbé yín jáde nílé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí ọ̀nà bá sì dàrú mọ́ yín lójú, ẹ dúró, kí ẹ béèrè. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.